Agbọ̀n Obì tí Bàbá Ń Gbé Lọ sí Ilé-Ìwé

Ibi tí mo ti ṣì í ni kí n kọ́kọ́ sọ, kó kúrò nílẹ̀. Mo rò pé rìbá ni. Lọ́dọọdún, tí wọ́n bá ti kórè obì tán, bàbá àgbà mi á di agbọ̀n gbànja kan, wọn á fi ewé tutù bò ó lórí, wọn á sì gbé e lọ fún ọ̀gá ilé-ìwé lójú gbogbo èèyàn. Èmi sọ lọ́kàn ara mi pé nítorí àwa ọmọ-ọmọ wọn ni, kí àwọn tíṣà lè máa fojú fo àṣìṣe wa. Ohun tí mo rò yẹn ni mo dì mú títí mo fi ba iṣẹ́ Bàbá jẹ́. Ní báyìí, Bàbá ti lọ. Mi ò kàwé jìnnà, iṣẹ́ wẹ́dà ni mò ń ṣe ní Ògèrè, àmọ́ mo lè sọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́ bí mo ṣe mọ̀ wọ́n.

Ní Mákùn, àdúgbò wa, tí ẹ bá ní Alhaji tó ń ta obì lẹ ń wá, wọ́n á bi yín pé èwo nínú wọn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní Bàbá Onífura, ọmọdé á mú yín dé ẹnu ọ̀nà wa. Orúkọ yẹn kò bí Bàbá nínú. Tí èèyàn bá fẹ́ pọ́n wọn lé, tó ní ifura loògùn àgbà, wọn á ní, "Oògùn kẹ̀? Aláìsàn ló ń lo oògùn. Oúnjẹ ni lọ́dọ̀ tèmi."

Wọ́n sì ń jẹ ẹ́ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Tí ààwẹ̀ bá ń parí lọ, tí wọ́n kéde pé wọ́n ti rí oṣù, Bàbá á jáde síta, wọn á gbójú sókè títí ọrùn á fi máa ro wọ́n. Wọ́n ní àwọn tó sọ pé àwọn rí oṣù yẹn, ebi ló ń pa wọ́n. Tí a bá pè wọ́n lórí fóònù, ìbéèrè tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi wá ni, "Kí lorúkọ ìyá tó bí bàbá ẹ?" Màmá àgbà mi á pariwo láti inú yàrá: "Alhaji, ọmọ yín mà ni! Ṣé ẹ ò mọ ohùn ẹ̀ ni?" Bàbá á bo ẹnu fóònù, wọn á dá Màmá lóhùn: "Ohùn lo gbọ́. Ṣé o rí ojú?"

Nídìí obì gan-an ni ẹ ti lè mọ̀ wọ́n. Tí wọ́n bá da gbànja sílẹ̀ ní pálọ̀, tí àwa ọmọ jókòó yí i ká tí a ń ṣà á, ìka ni Bàbá fi ń wo obì, kì í ṣe ojú. Wọn á máa yí i láàárín àtàǹpàkò àti ìka kejì bí ẹni ń ka tẹ̀súbáà, wọn ò ní sọ̀rọ̀. Lẹ́ẹ̀kan náà, wọn á mú èyí tó dán jù, tó tóbi jù, tí a ti ń fi yangàn, wọn á là á. Nígbà míì kòkòrò á wà níbẹ̀, nígbà míì kò ní sí. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí wọn kì í la èyí tó ti lu. Wọ́n ní, "Èyí tó lu, gbogbo ayé ti mọ̀ ọ́n. Èyí tó ń dán yìí ni kó o bẹ̀rù."

Bàbá ò mọ̀wé o. Kì í ṣe pé wọ́n yọ̀lẹ. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ló ni ilé-ìwé tó wà nítòsí, bàbá tó bí wọn sì ń bẹ̀rù pé tí Múfútáù bá wọlé láàárọ̀, Mósè ló máa jáde lọ́sàn-án. Bí wọ́n ṣe dá a dúró sílé nìyẹn. Ó di ìgbà tí Bàbá ń ṣòwò tara wọn, tí wọ́n ń kó obì lọ fún àwọn Hausa ní Sábo, kí ojú wọn tó rí nǹkan. Ẹnì kan tó mọ̀wé kọ orúkọ ara ẹ̀ sára àpò obì Bàbá, ó sì ní tòun ni. Bàbá tiẹ̀ bá a gbé e sọ́kọ̀. Ìtàn yẹn ni wọ́n máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ní wọ́n ti fura jù. Tí wọ́n bá sọ ọ́ tán, wọn á ní, "Ẹni tó mọ̀wé lè sùn. Ifura ni ìwé tèmi, mi ò sì gbọdọ̀ pa á dé."

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí ìjọba ń wá ilẹ̀ tí wọ́n máa fi kọ́ ilé-ìwé tí kò ní jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì, tí kò ní jẹ́ ti mọ́ṣáláṣí, tí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ń ti ara wọn síwájú, Bàbá ni wọ́n ní kí wọ́n wá gba tàwọn. Ilẹ̀ náà wà lọ́nà Likosi, oko ni gbogbo ibẹ̀ nígbà yẹn. Owó ọwọ́ wọn ni wọ́n fi rà á, wọ́n sì ti gbin obì sí ìdajì. Wọ́n fi gbogbo ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún ilé-ìwé, àmọ́ wọ́n ní igi obì ẹ̀yìn ibẹ̀ ṣì jẹ́ tàwọn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín pé Alhaji fi ọwọ́ kan fúnni, ó fi èkejì gbà á padà.

Ilé alámọ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, páànù tó ti dípẹtà lórí ẹ̀. Bàbá máa ń sọ ọ́ fún wa bí ẹni ń sọ ìtàn ọmọ tó bí: ulé-ùwé ni wọ́n ń pè é, bí àwọn àgbà Rẹ́mọ ṣe ń pè é. Lẹ́yìn alámọ̀, wọ́n kọ́ oníbúlọ́ọ̀kù. Nígbà tí ìwé di ọ̀fẹ́, àwọn ọmọ ya wọlé bí omi. Àwọn kan ń wá láàárọ̀, àwọn kan ń gbàyè wọn lọ́sàn-án, síbẹ̀ ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń jókòó. Wọ́n tún kọ́ òmíràn sí i. Lẹ́yìn náà ni ilé-ìwé girama kékeré dé, ó gba apá ẹ̀yìn nítòsí àwọn igi obì. Ìlú náà ń bọ̀ wá bá a: ilé epo, ṣọ́ọ̀bù, ilé alájà tí wọ́n yí ọgbà ká. Ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bojú wò tẹ́lẹ̀ wá di èyí tí àwọn èèyàn ń sọ iye ẹ̀ létí ara wọn.

Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń kọ́ kíláàsì tuntun, Bàbá á wà níbẹ̀. Wọn á fi èékánná ha búlọ́ọ̀kù, wọn á da ohun tó bọ́ sílẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, wọn á fẹ́ ẹ. Kọngílá kan bínú sí wọn lọ́jọ́ kan.

"Alhaji, ṣé ẹ̀yin lẹ máa jókòó kàwé nínú ẹ̀ ni?"

"Rárá."

"Kí ló wá kàn yín?"

Bàbá gbọn iyanrìn ọwọ́ wọn dànù. "Èmi kọ́ ló máa wó lù."

Àwọn òbí tó wà níbẹ̀ gbọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha búlọ́ọ̀kù pẹ̀lú wọn. Kọngílá tún ògiri yẹn mọ.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí agbọ̀n. Bàbá kì í gbé e lọ sí ọ́fíìsì. Àárọ̀ ni wọ́n máa ń lọ, nígbà tí àwọn ọmọ bá wà lórí ìlà, tí wọ́n ń kọrin. Wọn á dúró síwájú gbogbo wa nínú agbádá funfun, wọn á ní, "Èmi Múfútáù, mo ní igi lórí ilẹ̀ yín. Mo mú ti ọdún yìí wá. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, kí àwọn ọmọ rí i." Ọ̀gá á gbà á, wọn á pín in fún àwọn tíṣà àti bàbá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Àwọn tíṣà á máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Èmi á máa wo ilẹ̀, torí mo mọ ohun tó ń bọ̀. "Fàtáì, obì ti dé o!" ni àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń wí. "Ipò kìn-ín-ní ti dé!" Bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ ìsàlẹ̀ ni mò ń wà. Ọmọ kan tó ń jẹ́ Kúnlé sọ fún mi pé, "Sọ fún Bàbá yín kí wọ́n máa fi màlúù kún un, obì nìkan ò tó ẹ."

Ìyáàfin Odùṣọlá ni ọ̀gá girama nígbà tí mo wà níbẹ̀. Ọmọ Ìkẹ́nẹ́ ni wọ́n, nínú àwọn tó ń sin Ọlọ́run lọ́jọ́ Sátidé, tí wọn kì í jẹ obì rárá. Bàbá ò fẹ́ràn ìyẹn. Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tí kì í jẹ obì, kí lèèyàn fẹ́ fi mọ inú ẹ̀?

Ọdún tí orúnkún Bàbá kọṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé agbọ̀n lé mi lórí. Ọdún yẹn náà ni Ọ̀gá ní kí n tún kíláàsì kan náà kà lẹ́ẹ̀kan sí i. Inú bí mi débi pé ojú mi ń ṣú. Gbogbo obì tí Bàbá ti ń gbé wá látọjọ́ yìí, kí ló wá rà fún mi? Mo gbé agbọ̀n náà kọjá ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé, mo gba Sábo lọ, mo tà á. Nígbà tí mo délé, Bàbá wà lórí àga wọn.

"Ṣé wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbà á?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ṣé àwọn ọmọ rí i?"

"Wọ́n rí i."

Bàbá mí kanlẹ̀. "O ṣeun. Àwọn tó kù nínú ilé yìí, mi ò lè rán wọn."

Mi ò padà sí kíláàsì mọ́. Mo lọ kọ́ṣẹ́ ní Ògèrè, nídìí àwọn tírélà tó ń bàjẹ́ ní títì márosẹ̀. Ṣùgbọ́n tí àsìkò obì bá ti tó, Bàbá á ránṣẹ́ pè mí wálé wá gbé agbọ̀n. Irọ́ kan náà ni mò ń pa fún wọn. Bàbá tó ń yẹ oṣù ojú ọ̀run wò, wọn ò yẹ̀ mí wò.

Ní ọdún tó gbẹ̀yìn ayé wọn, ọ̀rọ̀ kan dé etí Bàbá pé Ọ̀gá ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ tí obì ò fi wá mọ́. Wọ́n ránṣẹ́ sí Ọ̀gá, Ọ̀gá sì wá. Mo wà nílé lọ́jọ́ yẹn. Orí bẹ́ẹ̀dì ni Bàbá wà ní pálọ̀, wọ́n fi ìrọ̀rí gbé ẹ̀yìn wọn dúró.

"Ọ̀gá, wọ́n ní ẹ ní mi ò san ìṣákọ́lẹ̀ mọ́."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu Bàbá. Ẹ̀yin náà mọ ìṣákọ́lẹ̀: ohun tí ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn máa ń gbé fún onílẹ̀ lọ́dọọdún, kó lè hàn sí gbogbo èèyàn pé òun kọ́ ló nilẹ̀.

"Bàbá, èmi ò sọ bẹ́ẹ̀ o," ni Ọ̀gá wí. "Mi ò rí agbọ̀n fún ọdún díẹ̀ ni mo ṣe ń béèrè pé ṣé ara yín yá."

"Ẹ ò rí agbọ̀n?"

"Mi ò rí i, Bàbá."

"Fàtáì. Ta lò ń gbé e fún?"

Ọ̀gá yí ojú sí mi. Wọn ò bá mi wí, wọn ò sì gbà mí sílẹ̀. Mo ní, "Àwọn náà ni."

Bàbá rọra mi orí. "Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń jẹ ẹ́, à bá rí i léyín yín. Ẹ kì í jẹ ẹ́. Ẹ tà á ni. Obìnrin, o jẹ́ olè."

Màmá àgbà mi kígbe, "Alhaji!" Ọ̀gá ò kígbe. Wọ́n dìde, wọ́n kúnlẹ̀ kí Bàbá bí ó ṣe yẹ, wọ́n gbé báàgì wọn. Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n dúró. "Bàbá, ẹ ti fura sí gbogbo wa tán. Ó ku ẹnì kan."

Bàbá rò pé ìwọ̀sí ni. Èmi mọ ẹni tí wọ́n ń sọ.

Nígbà tí ilé dákẹ́, Bàbá sọ ohun tí wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Wọ́n ní ìjọba kọ́ làwọn ń bẹ̀rù. Àwọn ọmọ tí àwọn bí ni. Wọ́n ní ìwé ilẹ̀ lè jóná, ó lè sọnù, ẹni tó mọ̀wé lè kọ òmíràn. Ṣùgbọ́n tí Múfútáù fúnra ẹ̀ bá ń gbé ìṣákọ́lẹ̀ lọ fún ilé-ìwé lójú gbogbo ọmọ ìlú, àwọn ọmọ yẹn á dàgbà, wọ́n á ní àwọn rí i. "Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé," ni wọ́n wí. "Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ ò lè ní òun ló nilẹ̀. Ọmọ ẹ̀ náà ò lè sọ ọ́ lẹ́yìn ẹ̀."

Ẹni tó fi ilẹ̀ tọrẹ ló sọ ara ẹ̀ di àtìpó lórí ilẹ̀ tó fi tọrẹ. Èmi ni mo sì dá ìṣákọ́lẹ̀ yẹn dúró. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nígbà náà. Ọwọ́ wọn wà lórí ọwọ́ mi. Mo ní, "Ẹ sinmi, Bàbá."

Bàbá ò pẹ́ lọ lẹ́yìn ìyẹn. A sin wọ́n lọ́jọ́ náà, a ṣe fídáù. Kí àwọn tó wá kí wa tó lọ tán, àwọn awọnlẹ̀ ti wà ní pápá ilé-ìwé, wọ́n ń ri òpó sìmẹ́ǹtì kéékèèké mọ́lẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ títì títí dé ìdí igi obì. Àbúrò bàbá mi, tí a ń pè ní Bàbá Kékeré, ló mú wọn wá. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń ṣeré. Ibẹ̀ náà ni wọ́n fẹ́ kọ́ kíláàsì tuntun sí, torí àwọn ọmọ girama ti kún débi pé wọ́n ń jókòó mẹ́ta mẹ́ta lórí bẹ́ǹṣì. Bàbá Kékeré fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù.

Àwọn àgbà Mákùn pè wá jọ. Bàbá Kékeré ò fọ̀rọ̀ ṣòfò.

"Bàbá wa ń san ìṣákọ́lẹ̀, gbogbo yín lẹ mọ̀. Wọ́n dáwọ́ dúró. Ṣé ẹnikẹ́ni rí agbọ̀n láìpẹ́ yìí? Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ni pé wọ́n ti gba ilẹ̀ wọn padà."

Èmi ń wò ó. Ta ló sọ fún un pé ìṣákọ́lẹ̀ ni? Àwa tó wà ní pálọ̀ lọ́jọ́ tí Ọ̀gá wá nìkan la gbọ́ ọ lẹ́nu Bàbá, òun ò sì sí níbẹ̀. Mo wá rí i pé bí Bàbá ṣe ń ṣọ́ ọmọ wọn, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ wọn ń ṣọ́ Bàbá, tó ń dúró de ọdún tí agbọ̀n ò ní dé.

Mo dìde. Mo sọ gbogbo ẹ̀: Sábo, irọ́, gbogbo ẹ̀. Mo rò pé ojú máa tì mí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ burú ju ìtìjú lọ: wọn ò gbà mí gbọ́.

"Èló ni obìnrin yẹn fún ẹ?" ni Bàbá Kékeré bi mí.

Àbúrò bàbá mi obìnrin, Ǹtí Sikirá, ṣépè. "Ẹni tó jí obì bàbá wa ló tún ra ọmọ wa. Fàtáì, ilẹ̀ ò tíì gbẹ lórí bàbá àgbà ẹ!"

Àgbà tó jókòó láàárín ní àwọn nílò ẹlòmíràn tí kì í ṣe ọmọ ilé wa, tó lè fẹnu ara ẹ̀ sọ pé Bàbá gbé agbọ̀n wá, ohun tí Bàbá sọ nígbà tí wọ́n gbé e wá, àti pé Bàbá ò sọ fún òun rí pé àwọn gba ilẹ̀ padà. Wọ́n dá ọjọ́. Mo tọ àwọn tíṣà lọ. Ọ̀kan ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Òmíràn ní òun ò fẹ́ kí wọ́n gbé òun lọ sí abúlé tí kò lọ́nà, ó sì bojú wẹ̀yìn kó tó sọ ọ́. Ó ku Ọ̀gá, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lọ sílé ní Ìkẹ́nẹ́.

Mo gun ọ̀kadà lọ bá wọn. Iwájú ilé ni wọ́n wà, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Mo dọ̀bálẹ̀, mi ò dìde, ilẹ̀ yẹn ni mo ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Wọn ò dá mi dúró, wọn ò sì dáwọ́ dúró nídìí ẹ̀gúsí. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ dé ọjọ́ tí àwọn àgbà dá, ọwọ́ wọn dúró.

"Fàtáì, bi ara ẹ kó o dá mi lóhùn. Ṣé àforíjì lo wá tọrọ, àbí ẹlẹ́rìí lo wá wá?"

Mo ya ẹnu. Ọ̀rọ̀ kankan ò jáde, torí lórí ọ̀kadà, ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí ni mò ń tò. Àforíjì ni mo fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

"Mo gbọ́," ni wọ́n wí. "Màá wá. Nítorí àwọn ọmọ tó ń jókòó mẹ́ta mẹ́ta ni. Dìde, eruku ń wọ ojú ẹ."

Wọ́n wá. Wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí, wọn ò fi kún un, wọn ò sì dárúkọ olè tí Bàbá pè wọ́n. Àwọn àgbà ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan pápá náà títí àwọn á fi dájọ́. Òpó àwọn awọnlẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ń fi wọ́n ṣe ojú góòlù. Ṣùgbọ́n bí Ọ̀gá ṣe ń jáde ní ọgbà wa, Ǹtí Sikirá tutọ́ sílẹ̀, ó ní, "Olè obì." Ọ̀gá gbọ́. Èmi náà gbọ́. Tí mo bá ní àwọn kọ́, wọ́n á ní mo tún ti gbowó. Nínú ilé wa, ẹ̀rí tèmi ló tún wá fi èdìdì di orúkọ tí irọ́ mi sọ wọ́n.

Mo jẹ Ìyáàfin Odùṣọlá ní ìtọrọ àforíjì kan tí kò ní ẹ̀bẹ̀ míì lẹ́yìn. Mi ò lè san án báyìí, torí tí mo bá lọ nígbà tí ẹjọ́ ṣì wà nílẹ̀, wọ́n á bi mí ní ìbéèrè kan náà, wọ́n á sì jàre. Ọjọ́ tí àwọn àgbà bá dájọ́, ì báà jẹ́ pé ilé-ìwé ló jàre, ì báà jẹ́ Bàbá Kékeré, màá lọ sí Ìkẹ́nẹ́ lọ́jọ́ kejì, nígbà tí kò ní sí ohunkóhun mọ́ tí wọ́n lè ṣe fún mi.